Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Kì Í Ṣe Èpè: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Ọpọlọ Àwọn Àgbà Wa



Áfáà kan wà tó kọ́ mi ní kéú nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní agboolé kan tí kò jìnnà sí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo àwa ọmọ ilé kéú la mọ ọwọ́ ìkọ̀wé wọn. Tí wọ́n bá fi gègé kọ bísímílà sórí wàláà, lẹ́tà rẹ̀ á tóbi, á dúró gbọingbọin, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á kà á. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ kí wọn, mo sì rí i pé lẹ́tà wọn ti ń kéré. Ìlà àkọ́kọ́ á dára díẹ̀, ìlà kejì á sún kì, nígbà tó bá fi máa kan ìlà kẹta, ó ti dà bí ipa ẹsẹ̀ èèrà. Ohùn wọn tó máa ń dé ìta mọ́sálásí láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti rọlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó ka gbogbo ìyẹn sí. Ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí itan, tí tẹ̀sùbá ń mì láàárín ìka wọn, ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ẹnìkan ní àwọn tó ń bá wọn du ipò Lèmọ́mù ló fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn. Ẹlòmíràn ní àlùjànnú ni. Ìdílé náwó lórí tírà, hàńtú àti àgbo. Ọdún méjì kọjá. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ìfura. Ọmọ wọn obìnrin ló wá gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní kí wọ́n rìn lọ, kí wọ́n rìn bọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ìlà kan sórí ìwé. Ó di apá wọn mú, ó rọra ń ká a kò, ó ń nà án. Lẹ́yìn náà ló sọ pé àìsàn Parkinson ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé, tí mo sì ń bi àwọn onímọ̀ ìṣègùn léèrè. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ là yé yín, nítorí ilé tí irú àgbà bẹ́ẹ̀ wà kò lóǹkà láàárín wa, ìfura tó sì ń tú ilé wọn ká kò ní ìdí kankan.

Àìsàn wo ni Parkinson?

Orúkọ dókítà kan ní London, James Parkinson, ni wọ́n fi ń pè é. Ọdún 1817 ló kọ ìwé kékeré kan nípa àwọn aláìsàn mẹ́fà tí ara wọn ń gbọ̀n. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wá ìdí rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí àwọ̀ wọn dúdú. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí Ọlọ́hun fi mọ gbogbo ara wa. Iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú yìí ni láti máa ṣe omi ìránṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní dópámìnì. Dópámìnì ló ń jẹ́ kí ìrìn já geere, kí ọwọ́ lè kọ̀wé, kí ojú lè rẹ́rìn-ín. Tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bá ń kú díẹ̀díẹ̀, dópámìnì á máa dín kù. Ara á le, ìrìn á falẹ̀, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Kó tó di pé gbígbọ̀n hàn sójú, bí ìdajì àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ti lè kú. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà tó ń kéré, ohùn tó ń rọlẹ̀ àti imú tí kò gbóòórùn fi máa ń ṣáájú.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ Muhammad Ali, akànṣẹ́ tó gba Ìsìláàmù, tó sì wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1964. Ọdún 1984 ni àwọn dókítà sọ fún un pé ó ní àìsàn yìí. Ní ọdún 1996, gbogbo ayé rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n bó ṣe ń tan iná ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta. Ó gbé ogún ọdún míì lẹ́yìn ìyẹn kó tó kú ní ọdún 2016.

Ṣùgbọ́n kí ló ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú náà? Kò tíì sí ìdáhùn kan ṣoṣo. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n rí ni ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tí kò rí ẹni kó o.

Ọ̀dà pupa lára ilé

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún purotéènì ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má rò pé ẹ̀wà àti ẹyin nìkan là ń sọ. Láti inú oúnjẹ ni ara ti ń rí èròjà purotéènì, ṣùgbọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì, purotéènì ni òṣìṣẹ́. Òun ló ń gbé ẹrù, òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, òun ló ń jíṣẹ́. Òṣìṣẹ́ a sì máa gbó. Òmíràn tilẹ̀ wọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Tí wọn kò bá kó àwọn tó ti bàjẹ́ kúrò, wọn á lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọn á sì di ìdènà fún àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ èyí tó yẹ kó kó? Ẹ ti rí i rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: nígbà tí ìjọba bá fẹ́ la ọ̀nà, òṣìṣẹ́ wọn á wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tí wọ́n máa wó. Ọjọ́ tí katapílà bá dé, kò ní béèrè ẹni tó nilé. Ilé tó ní àmì ló máa wó, ó máa fi èyí tí kò ní sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú sẹ́ẹ̀lì. Purotéènì kékeré kan wà tó ń jẹ́ ubiquitin. Òun ni ọ̀dà pupa. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló ń bá a ṣiṣẹ́, àwọn onímọ̀ sì pè wọ́n ní E1, E2 àti E3. Ti àkọ́kọ́ ló ń ṣí agolo ọ̀dà, iṣẹ́ yìí sì ń gba agbára. Èkejì ló ń gba ọ̀dà náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń gbé e dání. Ẹ̀kẹta ló mọ ilé tó yẹ kí wọ́n kùn. Òun ló ń mú ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ síwájú purotéènì tó bàjẹ́, tó sì ń rí i pé àmì náà lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n ń pè ní ubiquitin ligase.

Agolo ọ̀dà kò ṣòro fún sẹ́ẹ̀lì. Mímọ ilé tó yẹ ló ṣòro. Nítorí náà, oríṣi E1 tó wà lára ènìyàn kò ju méjì lọ, E2 jẹ́ bí ogójì, ṣùgbọ́n E3 ju 600 lọ. Olúkúlùkù wọn ló ní purotéènì tirẹ̀ tó ń ṣọ́. Tí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ìdọ̀tí tó yẹ kó sàmì sí á máa pọ̀, kódà bí gbogbo àwọn yòókù bá ń ṣiṣẹ́.

Katapílà tiwọn náà wà. Ó rí bí àgbá tó ní ihò láàárín, orúkọ rẹ̀ ni proteasome. Ó máa ń fa purotéènì tó ní àmì wọ inú, á gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀là rẹ̀ kò ṣòfò: ara á fi kọ́ purotéènì tuntun, bí ẹni tó ṣa búlọ́ọ̀kù tó dára lára ilé tí wọ́n wó láti fi kọ́ ilé míì. Ọ̀dà náà kò ṣòfò, torí wọ́n máa ń yọ ubiquitin kúrò kí wọ́n tó lọ purotéènì náà, kí wọ́n lè tún un lò. Àwọn mẹ́ta tó tú àṣírí yìí, Aaron Ciechanover, Avram Hershko àti Irwin Rose, gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní ọdún 2004.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọpọlọ?

Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n ti iṣan ọpọlọ yàtọ̀. Awọ ara wa ń paarọ̀ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ déédéé, àwọn tó gbó á re dànù, tuntun á rọ́pò wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn máa ń pín sí méjì, ìdọ̀tí wọn á sì pín pẹ̀lú wọn. Sẹ́ẹ̀lì iṣan ọpọlọ kì í pín. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni a gbé wá láti inú ìyá wa, òun náà la máa gbé wọ sàréè. Ilé tí ènìyàn kò lè kó kúrò nínú rẹ̀ fún ọgọ́rin ọdún, ó di dandan kó máa gbá a lójoojúmọ́.

Ìdí kejì ni ẹ̀kọ́. Ní ilé kéú, ọmọ kì í kọ ẹ̀kọ́ tuntun lé ti àná lórí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ wàláà, kí tàdáwà àtijọ́ ṣí kúrò. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì iṣan ọpọlọ méjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àwọn purotéènì kan gbọ́dọ̀ lọ kí ohun tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tó lè ráàyè dúró. Àwọn onímọ̀ ti dí katapílà inú ọpọlọ eku lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan, ohun tí eku náà kọ́ kò sì dúró. Ẹ rí i pé ọmọ tó ń há Àlùkùránì ń lo àwọn òṣìṣẹ́ ọlọ́dà yìí láìmọ̀.

Parkin, òṣìṣẹ́ tí wọ́n rí ní Japan

Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ní Japan ń wádìí àwọn ìdílé kan tí àìsàn Parkinson ti ń mú ọmọ wọn láìtíì dàgbà, òmíràn kò tíì pé ogún ọdún. Wọ́n rí i pé jíìnì kan ló bàjẹ́ lára wọn. Jíìnì ni àkọsílẹ̀ tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, tó ń sọ fún ara bí yóò ṣe ṣe purotéènì kọ̀ọ̀kan. Purotéènì tí jíìnì yìí ń ṣe ni wọ́n sọ ní parkin. Ní ọdún 2000, wọ́n fi hàn pé ubiquitin ligase ni parkin.

Kí ni parkin ń ṣọ́? Nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kan wà tó ń ṣe iná, wọ́n ń pè wọ́n ní mitochondria. Ẹ fi wọ́n wé jẹnẹrétọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú tó ń ṣe dópámìnì ń lo iná púpọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó bàjẹ́ kì í dákẹ́ lásán, èéfín rẹ̀ lè pa ará ilé. Purotéènì kan tó ń jẹ́ PINK1 ló máa ń kígbe lára jẹnẹrétọ̀ tó bàjẹ́. Parkin á gbọ́ igbe náà, á sáré wá, á fi ọ̀dà ubiquitin kùn ún yíká. Katapílà kò lè gbé ẹrù tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á dì í lápò, wọ́n á gbé e lọ sí ibi ìdalẹ̀nù kejì nínú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń pè ní lysosome, níbi tí omi kíkan ti máa yọ́ ọ.

Tí parkin kò bá sí, jẹnẹrétọ̀ tó bàjẹ́ á wà níbẹ̀, èéfín á kún ilé, sẹ́ẹ̀lì dúdú á kú. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀, kò sí ẹni tó ju nǹkan sí ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ kan ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní Parkinson ni jíìnì parkin bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹni tó bàjẹ́ lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀dà tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, bẹ́ẹ̀ àwọn òbí náà lè máa rìn kiri láìsí àìsàn. Àìsàn tirẹ̀ sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ogójì ọdún. Lára àwọn àgbà, ọjọ́ orí, jíìnì oríṣiríṣi àti ohun tí ara ti bá pàdé láyé ló ń para pọ̀.

Ohun tí wọ́n rí lọ́dọ̀ wa

Ẹni tó bá ní àìsàn òyìnbó ni, ẹ ní kó bi Igbó-Ọrà wò. Ní ìlú yìí, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ojúlé dé ojúlé láti ka àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ àti iṣan. Ní ọdún 1988, wọ́n fi iye tí wọ́n rí wé ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Copiah, ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà. Láàárín àwọn tó ju ọdún 39 lọ, ènìyàn 67 nínú 100,000 ló ní Parkinson ní Igbó-Ọrà, 341 ló ní in ní Copiah. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà.

Ní ọdún 2008, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yẹ jíìnì parkin àti méjì mìíràn wò lára àwọn ọmọ Nàìjíríà 57 tó ní Parkinson àti 51 tí kò ní in. Wọn kò rí ìbàjẹ́ tó ń fa àìsàn nínú jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó wọ́pọ̀ níbòmíràn kọ́ ló wọ́pọ̀ lára wa.

Wọn kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 2023, òun àti àwọn onímọ̀ láti Nàìjíríà, London àti Amẹ́ríkà gbé àbájáde tuntun jáde, lẹ́yìn tí wọ́n yẹ jíìnì àwọn ènìyàn 197,918 tó jẹ́ ìran Áfíríkà wò. Wọ́n rí ìyípadà kan nínú jíìnì tó ń jẹ́ GBA1, tó wọ́pọ̀ lára wa, tó sì ṣọ̀wọ́n lára òyìnbó. Ewu Parkinson lára ẹni tó jogún ẹ̀dà kan jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀ ti ẹni tí kò ní in, ti ẹni tó jogún ẹ̀dà méjì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀. Níbo ni GBA1 ti ń ṣiṣẹ́? Nínú lysosome ni, ibi ìdalẹ̀nù kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tí kò kúrò nílẹ̀ náà ni.

Kí ni kí ìdílé ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ ṣọ́ àmì. Gbígbọ̀n Parkinson sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lápá kan, ó sì máa ń hàn nígbà tí ọwọ́ bá sinmi lórí itan. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n nígbà tí ènìyàn bá gbé ife nìkan, ó lè jẹ́ àìsàn mìíràn. Òògùn kan náà lè fà á, irú bíi metoclopramide tí wọ́n ń lò fún èébì, àti haloperidol tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ. Ẹ kó gbogbo òògùn tí àgbà yín ń lò dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti LAUTECH wà, ti Bowen náà wà. Ní Ìbàdàn, UCH wà.

Èkejì, òògùn wà. Kò wo àìsàn náà sàn pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń dá ìrìn àti ìṣe padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni levodopa, tí ọpọlọ máa ń sọ di dópámìnì. Ó dára kí wọ́n lò ó ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ, torí ẹran, ẹja àti ẹ̀wà lè dí i lọ́nà. Ẹ má dá a dúró lójijì. Levodopa wà nínú èso wèrèpè, ewéko tó ń yún ni lára nínú igbó wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iye tó wà nínú èso kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, ẹni tó bá sì pa á pọ̀ mọ́ oníhóró lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí níbẹ̀, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rọ̀ jù. Ẹ má ṣe dán an wò fúnra yín.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ìjọsìn. Ẹni tí kò lè dúró kírun, kó jókòó. Ẹni tí kò lè jókòó, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìrun rẹ̀ pé. Ní Rámádáànì, ẹni tó ń lo òògùn rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kó bi dókítà kó tó gbààwẹ̀. Tí dókítà bá ní kò gbọdọ̀ gbà á, tí àìsàn náà kò sì jẹ́ èyí tó ń lọ, kó máa bọ́ tálákà. Ẹ̀sìn wa kò sọ àìsàn di ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dẹ́kun ìfura. Ẹ̀sìn kò fún wa láyè láti fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni láìsí ẹ̀rí. Àdúà dára, mo sì ń ṣe é fún àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun á fi àdúà dípò ìtọ́jú, kó rántí pé Ànábì wa pàápàá ní ká wá ìwòsàn.

Áfáà mi ti ń lo òògùn wọn báyìí. Wọ́n ń jókòó kírun, ọmọ wọn ló sì ń bá wọn ka agogo òògùn. Àwọn ọmọ ìyá méjèèjì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun pọ̀, lẹ́yìn tí dókítà là á yé wọn pé kò sí ẹni tó ṣe bàbá wọn. Nígbà tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, wọ́n ń kọ́ ọmọ kékeré kan ní álífù àti báà. Lẹ́tà wọn kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń kà á.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà, kó sì fún àwa tó ń tọ́jú wọn ní sùúrù.